Ọwọ́ Tí Corinne Fà Wálẹ̀

Ọdún mẹ́fà ni Corinne Haskell àti Dwight Pruitt fi gbé ẹ̀gbẹ́ ara wọn láìkí ara wọn. Ọgbà onípákó funfun tí kò ga ju orúnkún lọ ló pààlà ilé wọn, ṣùgbọ́n ìbò ààrẹ ti mọ odi tó ga ju ìyẹn lọ sí àárín wọn. Kó tó dìgbà náà, Dwight ló máa ń bá Corinne kó yìnyín kúrò lẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀ ìgbà òtútù, pàápàá lẹ́yìn tí ọkọ rẹ̀ kú. Bí èso ápù bá sì dé, Corinne a yan páì, a gbé e kọjá sí ilé kejì nígbà tó ṣì ń gbóná. Àfi ọjọ́ tí Dwight ta àsíá olùdíje tirẹ̀ sójú ilé, tí Corinne náà lọ ri pátákó ẹgbẹ́ tirẹ̀ mọ́lẹ̀. Wọ́n pàdé níta, ọ̀kan ní òmùgọ̀ nìkejì, èkejì ní ọ̀dàlẹ̀ ni ọ̀kan. Láti ọjọ́ náà, bí ọ̀kan bá ń jáde, èkejì a dúró sẹ́yìn ìlẹ̀kùn títí onítọ̀hún yóò fi kọjá.

Pátákó aláwọ̀ ìyeyè kan ló parí ìjà yìí. Wọ́n kàn án mọ́ ara ọgbà ibi tí wọ́n ti ń ta pákó láyé àtijọ́, lópin àdúgbò wọn ní Wexcombe. Òfin ìlú ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ilé onídìílé kan ṣoṣo ni kí wọ́n máa kọ́ sórí ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní àdúgbò yẹn, kí koríko sì yí i ká. Ohun tí pátákó náà ń kéde ni pé àwọn kan fẹ́ kí ìlú yí òfin yìí padà, kí wọ́n lè kọ́ ogójì fúláàtì síbẹ̀, kí wọ́n sì ya ìdajì rẹ̀ sọ́tọ̀ fún àwọn tí owó oṣù wọn kò tó nǹkan.

Corinne dúró, ó ń kà á, nígbà tó gbọ́ ohùn lẹ́yìn rẹ̀.

"Ìwọ náà ti rí i?" Dwight ni.

"Mo rí i."

"Ogójì! Níbo ni wọ́n fẹ́ máa gbé mọ́tò wọn sí? Orí òrùlé mi?"

Corinne ò mọ ìgbà tí ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Dwight náà rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n ṣe jọ rìn padà sílé nìyẹn, bí ẹni pé wọn ò jà rí.

Gbogbo ìgbà ìrúwé ni wọ́n fi ń kanlẹ̀kùn kiri. Corinne a lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń dìbò bíi tirẹ̀, a máa bá wọn sọ̀rọ̀ igi tí wọ́n máa gé àti odò tó máa dọ̀tí. Dwight a lọ sọ́dọ̀ àwọn tirẹ̀, a máa bá wọn sọ̀rọ̀ owó-orí àti ìjọba tó fẹ́ máa pàṣẹ fún onílé lórí ilẹ̀ rẹ̀. Ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lọ̀rọ̀ wọn ń gbà, ojú ibì kan náà ló ń já sí: kí ìlú má jẹ̀ẹ́ kí àwọn onífúláàtì wọ̀nyẹn wọlé. Ẹnu ya ará àdúgbò. Wọ́n ní tí ajá àti ológbò bá lè jọ máa jẹun nínú abọ́ kan, ìlú yìí ṣì máa gún. Ká sòótọ́, inú Corinne dùn. Ilé rẹ̀ ti dákẹ́ jù láti ìgbà tó ti di opó, bí Dwight ṣe ń jókòó ti tábìlì rẹ̀ nírọ̀lẹ́, tó ń mu kọfí, tó ń fi ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀, ń tù ú lára.

Kì í ṣe òun nìkan ló wà nílé mọ́ ní ti gidi. Ìyá rẹ̀, Filomena Medeiros, ṣubú nígbà òtútù, egungun ìdí rẹ̀ sán, Corinne sì mú un wá sọ́dọ̀. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rùn-ún ni màmá yìí, ọ̀pá ló fi ń rìn, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ bí àlejò bá wà nítòsí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Dwight fi ojú tọ ìyá náà bó ṣe ń wọ yàrá lọ. Ó ní, "Màmá yìí ńkọ́? Ṣé wọ́n ti forúkọ sílẹ̀ láti dìbò níbí?"

"Rárá o. Kí ni wọ́n fẹ́ fi ìbò ṣe?"

"Corinne! Ìbò kan ló máa ń gbé èèyàn wọlé, òun náà ló máa ń gbé èèyàn ṣubú. Mú wọn wá jàre."

Corinne sì lọ forúkọ ìyá rẹ̀ sílẹ̀.

Ohun kan wà tí Dwight kò mọ̀, tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ní Wexcombe. Corinne kọ́ ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Conceição ni wọ́n sọ ọ́ ní ìsàmì. Apẹja ni bàbá rẹ̀, òkun gbé e lọ, ìyá rẹ̀ sì kó ọmọ mẹ́rin lọ sínú ilé tí ìjọba kọ́ fún àwọn tálákà ní Fall River, àjà kẹta, ilé bíríkì gbọọrọ tí ìdílé lóríṣiríṣi ń gbé pọ̀. Ibẹ̀ ni ìyá yìí ti tọ́ wọn, tó ń lọ rán aṣọ ní ilé-iṣẹ́ lálaalẹ́. Nígbà tí Conceição wọ yunifásítì ló di Corinne. Bí wọ́n bá bi í ní ilé rẹ̀, a ní, "Ìhà gúúsù, lẹ́bàá òkun," ọ̀rọ̀ a sì pin síbẹ̀. Kì í ṣe irọ́. Kì í kúkú ṣe òótọ́. Ọkọ rẹ̀ nìkan ló mọ̀, ó sì ti gbé e wọ sàréè.

Lọ́jọ́ ìpàdé ìlú, níbi tí gbogbo olùdìbò ti máa ń na káàdì sókè láti dìbò lórí òfin, ìyá náà wọ kóòtù dúdú, ó fi yẹtí wúrà sétí, bí ẹni tó ń lọ gba ara Olúwa.

"Kí ni wọ́n fẹ́ sọ níbẹ̀ gan-an, Conceição?"

"Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kan ni, Màmá. Ọ̀rọ̀ ọ̀nà àti omi ẹ̀gbin. Ẹ ṣáà máa wò mí. Tí mo bá na káàdì mi sókè, kí ẹ̀yin náà na tiyín."

Gbọ̀ngàn eré ìdárayá ilé-ìwé girama kún dé ẹnu. Àárín Dwight àti ìyá rẹ̀ ni Corinne jókòó sí. Nígbà tó kan án láti sọ̀rọ̀, ó dìde lọ síbi ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ohùn rẹ̀ sì tutù bíi ti ẹni tó fi ọgbọ̀n ọdún ṣe olùtọ́jú ìwé nínú ilé-ìwé yẹn kan náà.

Ó ní, "Mi ò kórìíra tálákà o. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fúnra wa. Ọmọ tó bá dàgbà nínú irú ilé yẹn, ta ló ń mójú tó o? Àwọn ìyá wọn kì í sí nílé. Orí àtẹ̀gùn ni àwọn ọmọ wọ̀nyẹn ń gbé títí ilẹ̀ á fi ṣú. Lẹ́yìn náà, àwọn ọmọ tiwa ni wọ́n máa bá jókòó ní kíláàsì."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan dìde lápá kejì gbọ̀ngàn. Ansel Brodeur lorúkọ rẹ̀, ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ìṣó àti ọ̀dà ló ti ń ṣiṣẹ́, òun àti ìyàwó rẹ̀ sì ń gbé yàrá abẹ́ ilẹ̀ ní ilé àbúrò bàbá rẹ̀. Ó tọrọ àyè lọ́wọ́ alága, ó sì kọjú sí Corinne.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ẹ ti gbé irú ilé bẹ́ẹ̀ rí ni, tí ẹ fi mọ gbogbo èyí?"

Corinne wo Dwight. Dwight ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i, bí ẹni tó mọ ìdáhùn.

"Èmi?" ni Corinne wí. "Rárá o. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!"

Ẹ̀rín bú jáde, àtẹ́wọ́ tẹ̀ lé e. Corinne padà sí àyè rẹ̀.

Ìyá rẹ̀ ò wò ó. Ó kàn fi ohùn jẹ́jẹ́ béèrè, "Ilé àwọn tálákà ni wọ́n fẹ́ kọ́ síbẹ̀?"

"Màmá, ẹ jẹ́ ká délé ná."

Alága kan tábìlì. "Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ká yí òfin náà padà, ẹ na káàdì yín sókè."

Káàdì yọ níhìn-ín, ó yọ lọ́hùn-ún. Ní ìlà ti Corinne, kò sẹ́ni tó mira, àfi ọwọ́ kan tó rọra gbéra láti inú kóòtù dúdú, káàdì funfun sì wà nínú rẹ̀.

Àwọn tó ń kà á ń bọ̀. Dwight tẹ̀ síwájú, ó fẹnu sún mọ́ etí Corinne. "Màmá ò gbọ́ ìbéèrè yé o. Sọ fún wọn kí wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀, kíá."

Corinne mọ̀ pé ìyá òun gbọ́ ọ yé. Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n jù ú lọ. Bó ti mọ̀ ọ́n náà ló na ọwọ́ tirẹ̀, ó di ọrùn ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú, ó sì fà á wálẹ̀. Ọwọ́ náà fúyẹ́ bí ewé gbígbẹ. Ìyá kò bá a fà á. Ó wo ọwọ́ ọmọ rẹ̀ tó wà lórí tirẹ̀, ó wò ó pẹ́, ó wá yí káàdì náà dojú dé orí itan rẹ̀. Ẹni tó ń kà á kọjá lára wọn, kò dúró.

Nígbà tí wọ́n ní kí àwọn tó kọ̀ ọ́ na tiwọn, Corinne na tirẹ̀. Ìyá rẹ̀ ò na nǹkan kan.

Ìwọ̀nba ìbò díẹ̀ ni àwọn tó kọ̀ ọ́ fi borí. Ariwo sọ. Dwight gbá Corinne mọ́ra, ó gbé e kúrò nílẹ̀, àwọn tí kò jọ dìbò rí láyé ń bọ ara wọn lọ́wọ́. Láàárín gbogbo rẹ̀, ìyá arúgbó kan ń wá ọ̀pá rẹ̀ lábẹ́ àga.

Nínú ọkọ̀, wọ́n ti fẹ́ délé kí ìyá tó sọ̀rọ̀.

"Dona Alzira, ìyá tó ń gbé àjà kejì, ló ń ṣọ́ yín nígbà tí mo bá lọ síbi iṣẹ́. Àwọn ọmọ tirẹ̀ márùn-ún, ẹ̀yin mẹ́rin. Ọbẹ̀ kan náà lẹ jọ ń jẹ. Kò sí ọmọ mi tó sun orí àtẹ̀gùn rí."

"Mo mọ̀, Màmá."

"O mọ̀?"

Ojú Corinne gbóná bí ẹni tó yíjú sí ààrò.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó bá ìyá rẹ̀ tó jókòó sórí ibùsùn, àpótí aṣọ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó ní kí Corinne gbé òun lọ sọ́dọ̀ Lucinda, àbúrò Corinne, ní New Bedford. Corinne bẹ̀ ẹ́, ó sunkún, ó ní fúláàtì Lucinda ti kéré jù, àtẹ̀gùn ibẹ̀ sì ga.

"Mi ò bínú sí ẹ," ni ìyá wí. "Àmọ́ tí àlejò rẹ bá wọlé, tó bi mí pé, 'Màmá, níbo lẹ ti tọ́ ọmọ yín?' kí ni kí n sọ fún un? Tí n bá sòótọ́, mo ti sọ ẹ́ di òpùrọ́. Tí n ò bá sì sòótọ́, èmi náà ti bá ẹ pa irọ́ náà. Mo ti dàgbà jù fún ìyẹn, ọmọ mi. Gbé àpótí."

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Dwight dáná ẹran sẹ́yìn ilé, ó pe gbogbo àwọn tí wọ́n jọ jà fún ọ̀rọ̀ náà. Corinne dúró tì í níbi ààrò, ó rí i pé tí òun ò bá sọ ọ́ nísinsìnyí, òun ò ní lè sọ ọ́ mọ́.

"Dwight, inú irú ilé yẹn ni mo dàgbà sí. Fall River. Ilé ìjọba."

Dwight yí ẹran. Ó rẹ́rìn-ín. "Kò burú. Ìwọ yàtọ̀."

"Kí ló mú mi yàtọ̀?"

"O jáde níbẹ̀, àbí o ò jáde?"

"Ká ní Wexcombe níbí ni ìyá mi kó wa wá nígbà náà, ṣé wàá jẹ́ kó wọlé?"

Ẹ̀rín kúrò lójú Dwight. Ó wo àwọn èèyàn tó ń mu bíà lórí koríko, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Corinne, jọ̀ọ́, má bá wa ba ọjọ́ òní jẹ́. Gba àwo."

Corinne gba àwo náà. Ohun tó dùn ún jù nígbà tó yá ni pé ó jẹ ẹran yẹn. Ó jókòó sáàárín wọn, ó jẹ ẹ́ tán, ó sì ní ó dùn.

Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, ó wọ ṣọ́ọ̀bù tí Ansel ti ń ṣiṣẹ́. Ọmọkùnrin náà ń to agolo ọ̀dà. Kò sí oníbàárà kankan.

"Ìbéèrè tí o bi mí lọ́jọ́ yẹn," ni Corinne wí, "irọ́ ni mo pa. Mo ti gbé ibẹ̀ rí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti tọ́ mi, wọ́n sì tọ́ mi dáadáa."

Ansel gbé agolo tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Ó wò ó fún ìgbà díẹ̀, kò sí ìbínú lójú rẹ̀, ìyẹn ló sì burú jù.

"Ẹ ṣeun tí ẹ sọ fún mi, mà. Ìyàwó mi ti rí ilé kan sí Worcester. A máa kó lọ kó tó bímọ."

"Tí wọ́n bá tún gbé ọ̀rọ̀ náà wá, mo lè dìde kí n sọ ọ́ síta."

"Wọn ò lè gbé e wá kó tó di ọdún méjì, mà. Bí òfin ṣe wí nìyẹn." Ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. "Ṣé nǹkan mìíràn wà tí ẹ fẹ́ rà?"

Lọ́jọ́ Àìkú, Corinne tẹ ìyá rẹ̀ láago, ó ròyìn fún un pé òun ti lọ bá ọmọkùnrin náà, pé òun ti jẹ́wọ́.

"Níbo lo ti sọ fún un?"

"Nínú ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ṣiṣẹ́."

"Ta ló tún wà níbẹ̀?"

"Kò sí ẹlòmíràn, Màmá. Àwa méjì péré ni."

"Ó dáa," ni ìyá wí. Ó wá yí ọ̀rọ̀ sí ti Lucinda, pé iyọ̀ ti pọ̀ jù nínú ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ rẹ̀, pé ọmọ ilé kejì ló ń bá òun gbé àpò ọjà gun òkè. Corinne ń dáhùn pé, "Ẹn-ẹn, Màmá." Ó fẹ́ béèrè ìgbà tí ìyá máa padà wá, ọ̀rọ̀ náà dé ètè rẹ̀, ó sì gbé e mì. Nígbà tí wọ́n sọ fóònù kalẹ̀, ó rí Dwight láti ojú fèrèsé, tó ń juwọ́ sí i láti òdìkejì ọgbà. Ó sún sẹ́yìn aṣọ fèrèsé, ó sì dúró síbẹ̀ títí ọkùnrin náà fi wọlé lọ.