Igò Méjìlá Tí Mo Dà Nù

Ọmọ ẹlòmíràn a máa ti Faransé gbé aṣọ bọ̀. Àbúrò mi Rogatien gbé omi bọ̀: igò méjìlá, tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìka ọmọ tuntun. Àìsàn Baba ló mú un wálé kíákíá lọ́dún 1967. Kò fọkàn tán ẹnikẹ́ni níbi iṣẹ́ rẹ̀, ló bá kó wọn sápò.

Mo ní, “Irú iṣẹ́ wo ni ti omi?”

Ó ní irin díẹ̀ wà nínú rẹ̀, ó ti yòrò, ojú ò lè rí i. Wọ́n á gbé e sáàárín òòfà tó tóbi ju àká àgbàdo wa lọ, wọ́n á fi rédíò jí i lójijì, wọ́n á wá wo bó ṣe máa pẹ́ tó kí ara omi náà tó balẹ̀. Bí irin bá wà níbẹ̀, á tètè balẹ̀. Bí kò bá sí, á pẹ́.

“Á pẹ́ tó kí iṣu jinná?”

“Rárá o, ẹ̀gbọ́n mi. Bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta.”

Ọdún mẹ́fà ló ti fi ń kọ́ ìyẹn. 

Lọ́jọ́ kẹrin, Baba kú. Ní agboolé wa ní Kpoulou, omi tó bá bá òkú sùn nínú ilé, dídà là ń dà á nù. Èmi àkọ́bí obìnrin ló ni iṣẹ́ náà. Mo da ti àmù nù, mo da ti ìkòkò nù, mo ṣí igò méjèèjìlá, mo da tiwọn náà nù. Mo pọn omi kànga tuntun rọ́pò rẹ̀, mo dé wọn padà. Ta ni kí n bi? Rogatien ń sunkún nídìí sàréè. Nígbà tó yá, ó gbé àpò rẹ̀, ó lọ.

Lọ́dún kejì, lẹ́tà dé. Tíṣà Ògúnsànyà ló bá wa kà á. Rogatien ní òun ti rí ohun tí ẹnìkan ò rí rí: irin wà nínú omi, síbẹ̀ ara omi ò tètè balẹ̀. Ó ní ooru tó mú àwọn igò náà nílé wa ní Dàhòmè ló fà á. Ó ti kọ ogójì ojú ìwé lé e lórí. Lóṣù kẹfà á dúró níwájú àwọn ọ̀gá, wọn á fún un ní ìwé ẹ̀rí, á sì máa bọ̀ nílé.

Yéè! Ooru kọ́, èmi ni!

Bí mo bá dákẹ́, táwọn ọ̀gá yẹn bá tún omi náà yẹ̀ wò, wọn á pe ọmọ baba mi ní òpùrọ́. Bí mo bá sọ̀rọ̀, á tún gbogbo rẹ̀ ṣe, ọdún kan gbáko. Bẹ́ẹ̀, ojú Ìyá ń kú lọ. Ohun kan ṣoṣo tó ń tọrọ ni pé kí òun rí Rogatien kí ojú náà tó fọ́ pátápátá. Ẹ̀rù bà mí gan-an.

Mo lọ jẹ́wọ́ fún Ìyá. Ó ń bó ẹ̀gúsí.

“Títílayọ̀, o da iṣẹ́ ọdún mẹ́fà ọmọ mi nù?”

“Mo dà á nù, Ìyá.”

“O ṣe ti baba rẹ dáadáa. Orí rẹ ni ò pé. Bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ máa bá a. Lọ kọ ìwé náà.”

Tíṣà kọ ọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ló bi mí bóyá omi kànga ni kí òun kọ.

Èsì dé lẹ́yìn oṣù méjì. Rogatien ní òun ka lẹ́tà mi fún ọ̀gá òun, ọ̀gá sì ní látọjọ́ tí òun ti ń ṣiṣẹ́, èmi lẹni àkọ́kọ́ tó jẹ́wọ́. Wọ́n ti fa ogójì ojú ìwé náà ya. Á bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, á dé lọ́dún tó ń bọ̀. Òun ò bínú. Ó wá béèrè pé, ojú Ìyá ńkọ́?

Ìyá jókòó tì wá, ó kọjú sógiri, ó rò pé Tíṣà lòun kọjú sí.

Ó ní, “Ẹ kọ ọ́ pé mò ń rí abẹ́rẹ́ nílẹ̀.”

Tíṣà wò mí. Omi ti lé ròrò sójú mi.

Mo ní, “Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.”