Odó Tí Wọ́n Dojú Rẹ̀ Dé

Ká ní àná ni ọkọ̀ Bàbá Noakes gúnlẹ̀ ni, Thomasin kì bá ti ṣèlérí fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n òní ló gúnlẹ̀. Àná ni ọdún tí Thomasin fi sin ìwọ̀fà láti san owó ọkọ̀ òkun tó gbé e wá, nínú oko tábà opó kan, Ìyá Lyde, pé, tí obìnrin náà sì kó ẹ̀tọ́ òmìnira rẹ̀ fún un bí wọ́n ti ń ṣe é níbẹ̀: àgbá àgbàdo kan, aṣọ titun kan, ọkọ́ titun kan. Àná náà ló bi í pé, "Ibo wá ni o ń lọ báyìí?" Thomasin wo odò Patuxent sókè, ó wò ó sísàlẹ̀, kò rí ọkọ̀ kankan. Ló bá ní òun á dúró gba owó iṣẹ́ títí tábà tí wọ́n ń lọ́ gbìn lọ́wọ́ á fi gbó dé inú àgbá. Wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́ lé e lórí, ọ̀rọ̀ bùṣe.

Òní wàyí, Bàbá Noakes ò tíì so ọkọ̀ mọ́ èèkàn tán tó ti ń pariwo.

"Thomasin! Ọkọ ìyàwó ní kí n kí ọ o!"

"Ọkọ ìyàwó wo?"

"Ọkọ ìyàwó mélòó lo ní? Ambrose Tuke ni. Ó ní òun ti rí ilẹ̀, òun ti kọ́lé, òun ti fi amọ̀ rẹ́ inú ààrò. Ó ní ìwọ nìkan ló kù nínú ẹrù ilé. Ó ti pẹ́ tó ti rán mi, atẹ́gùn ni kò jẹ́ n tètè dé."

"Atẹ́gùn àbí ọtí, Bàbá?"

"Ọ̀kan ò dá wá," ni bàbá arúgbó náà wí, ó sì rẹ́rìn-ín.

Thomasin ò lè rẹ́rìn-ín. Ọkọ̀ kan náà ló gbé òun àti Ambrose kọjá òkun. Nígbà tí ibà ọdún àkọ́kọ́ dá Thomasin dùbúlẹ̀, ibà tó ń pa àwọn àlejò bí ẹni ń já ewé, Ambrose ló ń fi ṣíbí bu omi àgbàdo sí i lẹ́nu. Ní ọdún tó kọjá tí Ambrose parí ìwọ̀fà tirẹ̀, tó fi ọdún kan kúrú ju ti Thomasin lọ, ó gba òkè odò lọ, ó ní kí ọjọ́ òmìnira Thomasin tó pé, òun á ti ránṣẹ́. Ó mà ránṣẹ́ lóòótọ́.

Ìyá Lyde ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Kì í ṣe ìkà, ṣùgbọ́n kò mọ bí wọ́n ti ń fi ewé wé ọ̀rọ̀.

"Tábà kì í dúró de ìgbéyàwó, ìwọ náà mọ̀," ló wí. "Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ wà lára tábà mi tí ọkàn rẹ̀ wà lókè odò. Ọ̀la ọjọ́ Ìsinmi ni. Bá Noakes lọ, kí o lọ fi ojú ara rẹ wò ó. Bó o bá fẹ́ dúró tì í, mo dá ìlérí rẹ padà fún ọ. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí n bá ọ lẹ́nu iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé."

"Ẹ ṣeun, Ìyá."

"Má dúpẹ́. Mo mọ̀ ọ́. O ò ní lè ṣe kí o má lọ wò ó."

Òótọ́ ni. Thomasin jẹ́ ẹni tó máa ń bi odò léèrè ibi tó ti ń ṣàn bọ̀. Ní gbogbo ọ̀nà, nígbà tí ìkùukùu òwúrọ̀ ṣì wà lójú omi bí aṣọ tí wọ́n gbàgbé síta, ó ń da ìbéèrè bo Bàbá Noakes. Ta ló ń gbé lókè yẹn tẹ́lẹ̀? Kò sẹ́ni. Ta ló fún Ambrose nílẹ̀? Àwọn tó ń wọn ilẹ̀ ni. Àwọn ará Patuxent tó ni orúkọ odò ńkọ́?

"Wọ́n ti kó lọ," ni Bàbá Noakes wí. "Jẹ́ n wa ọkọ̀ mi jàre."

Ambrose sáré wọ inú omi dé ìbàdí láti pàdé wọn. Ó ti rù, oòrùn sì ti fi awọ imú rẹ̀ ṣeré, ṣùgbọ́n ẹ̀rín rẹ̀ ò yí padà. Bàbá Noakes jókòó ti ọkọ̀ rẹ̀ létí odò. Ilé náà kéré, ó sì dára. Ibùsùn wà níbẹ̀, ààrò wà níbẹ̀, ihò fèrèsé kan kọjú sí odò. Thomasin fọwọ́ kan ògiri, ó rò pé bóyá báyìí ni ayọ̀ ṣe máa ń rí, kó máa ní òórùn bíi ti pákó tútù.

Ambrose jókòó sórí àpótí ribiti kan lábẹ́ igi ńlá tó wà níwájú ilé. Thomasin wo ohun tó jókòó lé.

"Ambrose, odó nìyẹn."

"Odó ni tẹ́lẹ̀. Ìdí igi yìí ni mo ti bá a, wọ́n dojú rẹ̀ dé, wọ́n fi èèpo igi bò ó. Mo wá ọmọ odó títí, n kò rí i. Odó tí kò lọ́mọ, kí ni mo fẹ́ fi ṣe bí kò ṣe kí n jókòó lé e?"

Thomasin mọ odó dunjú. Ó ti gún àgbàdo títí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fi yi bí awọ. Ẹni tó ń sá lọ kì í dojú odó dé. Ẹni tí kò fẹ́ kí òjò bà á jẹ́ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹni tó fẹ́ padà wá lò ó. Ó rìn wọ inú koríko. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gùn, ó ń sọ̀. Ó fọwọ́ ya koríko sọ́tùn-ún sósì, ebè ló rí, ebè lẹ́yìn ebè, bí orí àwọn ọmọ tó sùn sábẹ́ aṣọ kan. Àwọn igi ńlá tó wà láàárín wọn ti kú lóòró, ẹnì kan ti bó èèpo ìbàdí wọn yíká kí oòrùn lè dé ilẹ̀ oko.

"Ta ló kọ ebè wọ̀nyí?"

"Ìbéèrè rẹ ò ní tán láyé! Oríire wa ni. Mo bá ilẹ̀ tí wọ́n ti ṣán, o tún ń wádìí ẹni tó ṣán an?"

Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí ọkọ̀ kékeré kan fi yọ láti etí odò. Obìnrin Patuxent méjì ló wà nínú rẹ̀, arúgbó kan àti ọ̀dọ́ kan, apẹ̀rẹ̀ irúgbìn àgbàdo sì wà lẹ́yìn èyí àgbà. Wọ́n rí ilé náà, wọ́n dúró. Ìyá àgbà náà sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Ó lọ tààrà síbi igi ńlá iwájú ilé, ó na ọwọ́ wọ inú ihò tó wà lára rẹ̀ títí dé èjìká, ó sì fa ohun gígùn kan tí wọ́n fi awọ àgbọ̀nrín wé jáde.

Ọmọ odó ni.

Ambrose dìde lórí odó láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un. Ìyá àgbà yí odó náà sókè, ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu òwú aláǹtakùn inú rẹ̀, ó ti ọmọ odó bọ̀ ọ́. Ó wọ̀ ọ́ wẹ́kú. Lẹ́yìn náà, Thomasin ló wò, kò wo Ambrose. Ó nawọ́ sí àwọn ebè, ó fọwọ́ kan àyà ara rẹ̀, ó sì sọ ọ̀rọ̀ kúkúrú kan.

Èyí ọ̀dọ́ gbọ́ èdè Thomasin àti Ambrose díẹ̀. "Ìyá mi ní oko òun ni. Oko ń sinmi. Ó ti sinmi tó."

"Ẹ sọ fún un pé ó ti pẹ́ jù," ni Ambrose wí. "Wọ́n ti wọn ilẹ̀ fún mi. Thomasin, bá mi sọ̀rọ̀! Bí èmi bá kúrò, ẹlòmíràn á wọlé. Ta ni kò mọ̀ bẹ́ẹ̀?"

Thomasin mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó tún mọ ọwọ́ tó ń fi ṣíbí bu omi sí i lẹ́nu nígbà tí ibà mú un, ọwọ́ náà nìyí tó nà sí i yìí. Ó wo ihò fèrèsé tó kọjú sí odò. Ó wo ìyá àgbà, tó ti kúnlẹ̀ tó ń fa koríko orí ebè àkọ́kọ́ tu, bí ẹni tí kò rí ilé kankan níbẹ̀.

Ó di ọwọ́ Ambrose mú.

"Ambrose, n kò ní bá ọ gbé inú ilé yìí. Mo ń bá Bàbá Noakes padà sọ́dọ̀ Ìyá Lyde nísinsìnyí. Bó o bá tú ilé náà lọ kọ́ síbi tí kì í ṣe oko obìnrin mìíràn, ránṣẹ́ sí mi, n óò wá. Bí o kò bá ní tú u, má dúró dè mí."