Àǹtí Bọ́sẹ̀ Ò Rí Pákó Gùn

Bàbá Ṣeun, ẹ má díbọ́n pé ẹ ń sùn, ẹ gbọ́ àlá tí mo lá. Orí òkè iyanrìn kan la wà, àwọn èèyàn dúró lórí pákó, wọ́n ń fi yọ̀ wá sísàlẹ̀ gẹ̀rẹ̀rẹ̀, eré ni wọ́n ń fi ṣe. Àǹtí Bọ́sẹ̀, ẹ̀gbọ́n yín tó ní ọjọ́ mẹ́ta péré lòun máa lò nílé wa, ò rí pákó. Ni Àǹtí bá fi àbẹ́là ra ikùn mi kí n lè yọ̀ dáadáa, wọ́n dà mí dojú bolẹ̀, wọ́n gun ẹ̀yìn mi tìbàtà-tìbàtà. Iyanrìn kún ẹnu mi. Nígbà tá a dé ìsàlẹ̀, ẹ gbé mi rù. Mo rò pé ilé lẹ̀ ń gbé mi lọ, àṣé orí òkè ni, kí wọ́n tún lè gùn mí. Ohùn Àǹtí gan-an ló jí mi: "Ìyàwó, omi ìwẹ̀ mi ńkọ́?"

Ẹ dìde, ẹ lọ dá wọn lóhùn. Pákó ti kán.