Ọ̀dà Lórí Ọgbẹ́

"Kingsley, jọ̀ọ́, fi kún iná ẹ́ńjìnnì yẹn!"

"Màmá, tí mo bá tún fi kún un, fífò la ó máa fò. Ẹ ṣáà di ọmọ mú."

Moríkẹ́ di ọmọ-ọmọ rẹ̀ mú nínú ọkọ̀ ojú omi tí Kingsley ń wà. Ara Gift, ọmọ ọdún mẹ́rin, gbóná bí ìdí ààrò ẹja. Ó ti bì lẹ́ẹ̀mẹta láti àárọ̀. Ọrùn rẹ̀ le gan, kò sì dáhùn orúkọ rẹ̀ mọ́.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án sẹ́yìn ló yọ̀ ṣubú lórí afárá pákó ẹ̀yìnkùlé wọn ní Molutehin, tí ìṣó ọkọ̀ gún un lórí. Moríkẹ́ kò dààmú. Ìyàwó akanọkọ̀ ni òun. Ó mọ ohun tí wọ́n fi ń dí ihò. Ó mú agolo ọ̀dà dúdú tí Ọlọ́rundáre, ọkọ rẹ̀ olóògbé, fi sílẹ̀, ó yọ́ díẹ̀ lórí iná, ó jẹ́ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó fi dí ojú ọgbẹ́ náà. Ní ọjọ́ kẹta, òkè rẹ̀ ti jọ̀lọ̀.

Nínú ọkọ̀ yìí, bí omi ṣe ń ta sí i lójú, ìgbà àtijọ́ ló ń rí. Ọlọ́rundáre a dojú ọkọ̀ dé sórí igi méjì, a máa súfèé, òórùn ọ̀dà a gba gbogbo ilé. Lọ́dún tí wọ́n fẹ́ra, ìkarahun gé òun lẹ́sẹ̀. Ọ̀dà ló fi dí i. "Ìyàwó mi, ìwọ náà ò ní jò mọ́." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí.

Ní ilé ìwòsàn Igbókòdá, nọ́ọ̀sì Fadékẹ́mi fọwọ́ kan àpá dúdú náà.

"Ìyá, ibà ni ẹ sọ pé ó ń ṣe é. Kí wá ni èyí?"

Moríkẹ́ wo ọmọ náà. Ó lè ní òun ò mọ̀. Ta ni yóò já a nírọ́? Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun ó wọ́. Òun sì wà nílé.

"Ìṣó ló gún un. Ọ̀dà ọkọ̀ ni mo fi dí i."

Nọ́ọ̀sì náà gbé ọwọ́ kúrò lórí àpá náà. "Ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́. Ibà là bá máa wò. Ọgbẹ́ orí kì í ṣe ohun tí à ń dí nílé, Ìyá. Kòkòrò àrùn há sábẹ́ rẹ̀, ó jọ pé ó ti ń wọ ọpọlọ lọ. A ó fún un lábẹ́rẹ́ báyìí, kí wọ́n tó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, kí wọ́n lè fa ọyún rẹ̀."

Wọ́n gbé ọmọ wọlé. Moríkẹ́ jókòó sórí bẹ́ǹṣì.

Ìgbà yẹn ló tó rántí ìyókù. Ọlọ́rundáre kì í fi ọ̀dà kan ọkọ̀ tí kò tíì gbọ́n omi rẹ̀ tán, tí kò tíì ha igi tó jẹrà kúrò. Ẹsẹ̀ òun náà ńkọ́? Omi gbígbóná àti iyọ̀ ló fi fọ̀ ọ́, ó fọ̀ ọ́ títí òun fi ń ṣépè fún un. Ẹ̀rín ni òun gbé pamọ́ láti ọjọ́ yìí wá. Òun ò gbé ẹkún tó ṣáájú rẹ̀ pamọ́.

Nínú yàrá, wọ́n ki abẹ́rẹ́ bọ Gift lára. Ọmọ tí kò dún láti àárọ̀ figbe ta.

Moríkẹ́ dìde dúró. Ó ń tẹ́tí, ó ń bẹ̀bẹ̀ kí igbe náà má dáwọ́ dúró.