Ìwé Ayálò Lórí Pẹpẹ

Bí ọkọ̀ láìbìrì ìlú Ọ̀rẹ̀ ṣe yà wọ ọgbà iléèwé kan ní Òdìgbò, àyà Màdáámù Olúrónkẹ́, ọ̀gá iléèwé, já pà. Ọjọ́ Ẹtì ni. Ọjọ́ ìdápadà ti pé.

Ogójì ìwé ìtàn, máàpù mẹ́ta àti glóòbù kan, odindi àpótí, ni láìbìrì yá wọn fún sáà kan péré. Màdáámù fúnra rẹ̀ ló tọwọ́ bọ̀wé. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn òbí pariwo pé, "Háà, Màdáámù, ẹ̀yin lẹ ra gbogbo eléyìí?", ṣe ló rẹ́rìn-ín músẹ́. Kò ní bẹ́ẹ̀ ni, kò ní bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ẹ̀rín yẹn ló gbé àpótí náà dé iwájú pẹpẹ. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, wọ́n ru àpótí náà lọ sí ilé àdúrà. Wòlíì Owólabí ta òróró sí ìdérí rẹ̀, ó so aṣọ funfun mọ́ ọn, ó ní, "Olúwa, ẹ̀bùn ọmọbìnrin Rẹ rèé! Ọwọ́ tó bá gbé e kúrò níléèwé, kí ọwọ́ náà rọ!" Gbogbo ìjọ ṣe àmín. Ti Màdáámù ló pẹ́ jù lẹ́nu. Díẹ̀ ló kù kí gèlè rẹ̀ já bọ́.

"Ẹ káàárọ̀ o, mà," ni Hannah, òṣìṣẹ́ láìbìrì, wí bó ṣe sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. "Mo wá gbé àpótí mi. Ẹni tó bá dá a padà lásìkò la máa ń yá òmíràn."

"Ẹ jókòó ná. Ẹ mu omi."

"Ẹ ṣeun, mà. Mo ṣì ń lọ sí Agbábù."

Ó na ọwọ́ sí àpótí náà, tí wọ́n ti gbé padà wá sí iléèwé pẹ̀lú aṣọ funfun lára rẹ̀. Màdáámù wo ìka tẹ́ẹ́rẹ́ wọ̀nyẹn, ìka tí ọmọ ọlọ́mọ fi ń kọ̀wé jẹun, òógùn sì bò ó.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án!"

Hannah fò sẹ́yìn. "Ejò ni?"

"Ejò ì bá sàn."

Ló bá pe Wòlíì lórí fóònù. Ọ̀kadà já a sílẹ̀ láìpẹ́, eruku lára aṣọ àdúrà. Màdáámù kúnlẹ̀.

"Baba, ẹ bá mi ká èpè yẹn kúrò. Ìwé ayálò ni."

"Ayálò? Ṣebí ẹ ní tiyín ni?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀, Baba. Mo kàn rẹ́rìn-ín ni."

"Ẹ̀rín!" Wòlíì wo òrùlé títí; òun náà kò ṣáà béèrè kó tó ta òróró. "Olúwa kì í gba ẹrù ẹlẹ́rù lọ́rẹ. Èpè yẹn ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ máa tú aṣọ yìí, ẹ̀yin náà lẹ máa gbé e dé ọkọ̀. Tó bá di ọjọ́ Ìsinmi, ẹ ó sọ ọ́ níbi tí ẹ ti ṣe àmín."

"Lójú gbogbo ìjọ? Títí kan ẹgbẹ́ àwọn ìyá?"

"Àwọn gan-an ló máa jókòó síwájú."

Bí ó bá jẹ́ pé àṣìsọ ni Wòlíì sọ, tí èpè náà ṣì ń jà ńkọ́? Màdáámù tú aṣọ náà bí ẹni tó ń tú ìdè lọ́rùn ajá dìgbòlugi. Ó gbé àpótí, ó forí lé ọkọ̀. Nígbà tó gbé e sínú ọkọ̀ tán, ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń ká ìka, ó ń nà án, lọ́kọ̀ọ̀kan. Mẹ́wẹ̀ẹ̀wá jẹ́ ìpè.

Ó mí kanlẹ̀. Àfi bó ṣe rántí pé ọ̀túnla ni ọjọ́ Ìsinmi, ni ọwọ́ náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.