Mílíìkì Tí Kì Í Kọjá Ààlà

Ìyá Èdìdì ni wọ́n ń pe àgbà aláyẹ̀wò oúnjẹ ìpínlẹ̀ náà, nítorí bó bá ti fi èdìdì de ẹnu táńkì mílíìkì, kò sẹ́ni tó jẹ́ tú u. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé yìí, ó mú ìwé àyẹ̀wò dé ilé iṣẹ́ mílíìkì kan. Kòkòrò àrùn ti kún táńkì kẹta bámúbámú.

"Ẹ má jẹ́ kó jáde o," ló sọ fún ọ̀gá ibẹ̀.

Ọ̀gá yìí kì í jágbe mọ́ni. Ó fa àga fún un. "Ẹ jókòó, mà. Òfin wo lẹ fẹ́ fi dá a dúró?"

Ìyá ṣí òfin tuntun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàárọ̀ yẹn. Àfọwọ́fà rèé, òun náà ló kọ ọ́. Ìjọba ní kó mú òfin ìpínlẹ̀ bá ti ìjọba àpapọ̀ mu, káwọn ilé iṣẹ́ má máa tẹ̀ lé òfin méjì. Ibikíbi tí méjèèjì bá ti sọ ohun kan náà, á fi bíírò pupa fagi lé ti ìpínlẹ̀. Nígbà tó kan ìlà tó ní kí táńkì kankan má jáde láìgba èsì àyẹ̀wò, ó ní, "Èyí ti wà nínú òfin àpapọ̀," ó sì fagi lé e. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ti wọ̀ ọ́ lọ́rùn, kò ṣí ojú ewé tó tẹ̀ lé e nínú òfin àpapọ̀ náà. Ibẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí pé mílíìkì tó bá kọjá ààlà ìpínlẹ̀ nìkan ni òfin àpapọ̀ kàn.

"Tiwa kì í kọjá ààlà," ọ̀gá sọ jẹ́jẹ́. "Ilé ìwé jẹ́léósinmi tó wà nídìí afárá ló ń lọ."

Ìyá fò dìde. Ibẹ̀ ni ọmọ ọmọ rẹ̀ wà. Òfin àtijọ́ ti kú, tuntun ò sì mọ̀ wọ́n rí.

"Ẹ ro tàwọn ọmọ, ẹ dà á nù."

Ọ̀gá wo agogo ara ògiri. "Èmi kọ́ ni mo kọ òfin, mà."

Ọkọ̀ mílíìkì kan ń kùn lẹ́nu géètì. Ìyá sáré, tòun ti orúnkún tó ń dùn ún, ó lọ dúró síwájú rẹ̀, ó na apá méjèèjì. Awakọ̀ pa ẹ́ńjìnnì ọkọ̀. Ọkàn ìyá fúyẹ́ díẹ̀.

"Mà, kí lẹ ń dá mi dúró fún?" awakọ̀ bi í. "Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti ilé ìwé tó wà nídìí afárá bọ̀ ni. Wọ́n ti ń pín mílíìkì táńkì kẹta fáwọn ọmọ nígbà tí mo kúrò."