Ẹ Yọ Àwọn Obìnrin Yẹn Kúrò

Láti òwúrọ̀ ni inú ti ń bí Kàfáyàt, ìyá Mùtíàt, kò sì fi pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ó ń fi ìyẹ́ adìẹ fa ẹ̀kọ láfún sára aṣọ funfun, ó ń bú aṣọ náà bí ẹni pé òun ló ṣẹ̀ ẹ́.

"Kò níṣẹ́! Èmi Kàfáyàt, tọ́wọ́ mi dúdú fún aró títí dé ìgbọ̀nwọ́!"

Oṣù tó kọjá ni akọ̀wé ìjọba tó ń ka iye àwọn ará Latrikunda ní ilẹ̀ Gambia dé ọ̀dọ̀ wọn. Ó kọ Jìbírílù ọkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní oníṣòwò aṣọ. Nígbà tó kan Kàfáyàt, tó dúró ti ìkòkò aró níwájú rẹ̀ gbangba, ó kọ ọ́ pé ìyàwó ilé ni, kò níṣẹ́. Ta ló ń pa aṣọ tí Jìbírílù ń tà ní Banjul láró? Jìbírílù dúró níbẹ̀, kò la ẹnu. Ìyẹn gan-an ló dùn ún jù.

Nítorí náà, nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Malick, akọ̀wé ìgbìmọ̀ àfihàn ọjà, ní kó ya àdìrẹ ńlá kan tí wọn yóò gbé kọ́ sí gbọ̀ngàn, tí àwọn àlejò yóò fi rí ohun tó ń bọ́ ilẹ̀ Gambia, Kàfáyàt ò jẹ́ kó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n máa rí wa wàyí, ló ń wí nínú ara rẹ̀.

Ó ya ọkọ̀ ojú omi àti àwọn ọkùnrin tó ru àpò ẹ̀pà. Ó wá ya abiyamọ nínú ẹrọ̀fọ̀ oko ìrẹsì, ó ya àwọn obìnrin tó ń ṣa ẹ̀pà, bẹ́ẹ̀ ló ya obìnrin kan ní igun tó ki ọwọ́ bọ ìkòkò aró. Ẹ ti mọ ẹni tí ìyẹn jẹ́.

Kó tó rì í sáró ni Malick dé. Ó wo aṣọ náà títí, ó wá da Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ mọ́ èdè Wolof.

"Ìyá Mùtíàt, ọwọ́ yín dára. Àmọ́ ọrọ̀ ajé la ní kẹ́ ẹ yà, kì í ṣe wàhálà ilé. Ẹ yọ àwọn obìnrin yẹn kúrò."

"Kí wọ́n lọ síbo?"

"Ẹ ṣáà yọ wọ́n."

Kàfáyàt wo ọkọ rẹ̀. Jìbírílù ń wo bàtà ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

"Ìyá Mùtíàt, ṣe bí wọ́n ṣe wí. Aṣọ lásán ni."

Aṣọ lásán! Ẹ gbà mí o! Omijé lé ròrò sójú Kàfáyàt, ṣùgbọ́n ó mú omi, ó mú ọ̀bẹ. Ibi tó bá ti ha ẹ̀kọ kúrò, aró ni yóò gba ibẹ̀. Ó ha abiyamọ náà dànù. Ìrẹsì wá dá dúró nínú ẹrọ̀fọ̀, kò sẹ́ni tó gbìn ín. Ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ó dáa," ló wí. Ó bá ha ìrẹsì náà pẹ̀lú.

Nígbà tó rì í sáró tán tí aṣọ gbẹ, Malick tú u wò. Ọkọ̀ òfìfo ló rí, pẹ̀lú àwọn ọkùnrin tó tẹ̀ ba tí kò sí ẹrù kankan lórí wọn. Nínú aṣọ ara wọn, ṣòkòtò nìkan ni Kàfáyàt ṣàánú fi sílẹ̀ fún wọn.

"Ẹ̀pà ńkọ́?"

"Ẹ ní kí n yọ obìnrin kúrò. Ohun tí wọ́n ṣe ló bá wọn lọ."

Malick ká aṣọ náà jù sílẹ̀, ó ní òun á wá ọkùnrin tó mọ àwòrán yà. Kàfáyàt jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá ìkòkò aró.

Jìbírílù tẹ́ aṣọ náà, ó wò ó pẹ́.

"Tún àwọn obìnrin yẹn yà sórí aṣọ mìíràn," ló wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Màá gbé e kọ́ sẹ́nu ìsọ̀ mi."

"Ẹ má gbé nǹkan kan kọ́," ni Kàfáyàt dá a lóhùn. "Ẹ lọ bá akọ̀wé tó kà wá. Ohun tẹ́ ẹ mọ̀ lọ́jọ́ yẹn, ẹ lọ fi ẹnu yín sọ ọ́."